Ìkóódẹ, Sányán àti Ọ̀rọ̀ Òṣùwọ̀n Àwọ̀

Ẹni tí ó bá gbọ́ oríkì Ìwó yóò gbọ́ orúkọ odídẹrẹ́ nínú rẹ̀. Ìyẹ́ ìrù ẹyẹ yìí, ìkóódẹ, ni ó ń wà lára adé ọba àti níwájú orí ìyàwó òrìṣà. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ lórí ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn àti nínú oyè. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ga tó bẹ́ẹ̀: ìkóódẹ jẹ́ òṣùwọ̀n àwọ̀. Pupa gba epo, osùn, ilẹ̀ àti ènìyàn mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ohun kan pọ́n bí ìkóódẹ, àríyànjiyàn parí.

Láti ìgbà tí Brent Berlin àti Paul Kay ti tẹ ìwé wọn jáde ní 1969 ni ó ti di àṣà láti máa ka orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ inú èdè kọ̀ọ̀kan, kí a sì tò wọ́n sí ìpele. Ẹni tí ó bá ka dúdú, funfun àti pupa nìkan yóò fi Yorùbá sí àkàsọ̀ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n iye orúkọ kọ́ ni òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n ni ohun tí ẹni méjì lè jọ wò nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu. Ní Edinburgh ní 1814, Patrick Syme ṣe ìwé àwọ̀ tí ó ń tọ́ka sí ẹranko, ewéko àti òkúta. Irú rẹ̀ ni Darwin mú wọ ọkọ̀ Beagle. Robert Ridgway, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, to àwọ̀ 1,115 sínú tirẹ̀ ní 1912. Kò sí ẹni tí ó torí bẹ́ẹ̀ sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní orúkọ àwọ̀.

Inú aṣọ òfì ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù. Ṣẹ́dà kòkòrò inú igbó ni sányán. A kì í pa á láró, àwọ̀ kòkòrò fúnra rẹ̀ ni. Nígbà tí ṣẹ́dà náà di ọ̀wọ́n, wọ́n ń pa òwú ní àwọ̀ kan náà, wọ́n sì ń pè é ní sányán síbẹ̀. Orúkọ ti kúrò lára ohun èlò, ó ti di ti àwọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàárì, tí ṣẹ́dà rẹ̀ pupa ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá tẹ́lẹ̀. Ẹtù ní tirẹ̀ gba orúkọ lọ́wọ́ ẹyẹ. Òwú rẹ̀ a wọ ìkòkò aró, a jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ a sọ ọ́ di aró, a tún padà wọlé, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Iye ìgbà tí ó wọlé kò tó fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí agbára aró àná kọ́ ni ti òní. Ojú aláró ni adájọ́, ìta gbangba lójú ọ̀sán sì ni ilé ẹjọ́ rẹ̀.

Ó ní ìdí. Aṣọ méjì lè bára mu lójú ọ̀sán, kí wọ́n yàtọ̀ lábẹ́ àtùpà. Nítorí èyí ni àjọ CIE fi yan ìmọ́lẹ̀ òṣùwọ̀n ní 1931: ọ̀kan fún iná gílóòbù, méjì fún ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́. Inú àpótí ìmọ́lẹ̀ ni ilé iṣẹ́ aṣọ ti ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ní tèmi, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tí a kọ́ ní ti CIE tí a kò kọ́ ní ti aláró ti pàdánù ìdajì ìtàn náà.

Ìkóódẹ ni ó wà nínú ewu jù. Pupa ọ̀pọ̀ ẹyẹ ti inú oúnjẹ wá. Ara odídẹrẹ́ ni ó ń ṣe tirẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ṣeé gbára lé (bí a bá yọ ti ọmọ ẹyẹ sílẹ̀, tí ó máa ń ṣókùnkùn díẹ̀). Ṣùgbọ́n ní 2016 àdéhùn CITES fi odídẹrẹ́ sí Àfikún Kìn-ín-ní, tí ó ka òwò rẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè léèwọ̀, nítorí ìdẹkùn àti igbó tí ń tán. Nígbà tí sányán ń di òwú, ojúlówó ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà tí a lè gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wọn àwọ̀ lè ka ìyẹ́ kan láì bà á jẹ́, kí ó sì fi nọ́ńbà CIE kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹ́ wà lára àwọn adé àtijọ́, níbi tí oòrùn kò bá tíì ṣá wọn.