Ẹ̀kọ́ nípa ìdánilóró lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Chicago

Ẹ̀kọ́ nípa ìdánilóró lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Chicago ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nípa bí ọ̀gá ọlọ́pàá Jon Burge àti àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ṣe dá ènìyàn tí ó lé ní 100 lóró láàárín ọdún 1972 sí 1991. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn.

Ìtàn

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Area 2, ní ìhà gúúsù ìlú náà, wọ́n máa ń fi iná mànàmáná gbọn àwọn afurasí, wọ́n sì máa ń fi ọ̀rá bò wọ́n lórí títí èémí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin, kí wọ́n lè jẹ́wọ́ ọ̀ràn. Irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ fi dá ikú fún àwọn kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, Gómìnà George Ryan dá mẹ́rin nínú wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìjẹ̀bi. Wọ́n lé Burge kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1993. Nítorí pé àkókò tí òfin là sílẹ̀ láti fi ẹ̀sùn ìdánilóró kàn án ti kọjá, irọ́ pípa lábẹ́ ìbúra àti dídènà ìdájọ́ ni wọ́n dá a lẹ́bi fún ní 2010. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n fi jẹ ẹ́.

Bí ó ṣe di ẹ̀kọ́

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà ya mílíọ̀nù 5.5 dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn tí ìyà náà jẹ. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba máa kọ́ ìtàn yìí ní kíláàsì kẹjọ àti ìkẹwàá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìlú kan máa fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn àìdáa rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá ènìyàn

Laurence Ralph, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn (antropọ́lọ́jì) ní Yunifásítì Princeton, tẹ ìwé The Torture Letters jáde ní 2020. Lẹ́tà ni ó fi kọ ọ́, sí àwọn olórí ìlú ọjọ́ iwájú, sí àwọn ọ̀dọ́ àti sí àwọn tí wọ́n dá lóró. Ó fi ìwà ipá ọlọ́pàá wé igi: gbòǹgbò rẹ̀ ni ìbẹ̀rù àtijọ́ nípa ẹni tí a kà sí ewu, ẹ̀ka rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá, ewé rẹ̀ sì ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú pópó lójoojúmọ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti le jù ni ọ̀rọ̀ Andrew Wilson, ẹni tí ó pa ọlọ́pàá méjì ní 1982. Kì í ṣe aláìṣẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dá a lóró, ẹjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pè ni ó sì tú àṣírí náà. Ní ọdún 1982 kan náà, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó rí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pé kí wọ́n ṣe ìwádìí. Burge kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ó lé lẹ́yìn lẹ́tà náà.