Iná mànàmáná àti ààbò ilé ní Ọ̀tà

Ọ̀tà jẹ́ ìlú àwọn Àwórí, ó sì jẹ́ ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìlú náà wà lójú ọ̀nà Ìdírókò, èyí tí ó ya láti ara òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta ní Sàngó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àti àwọn ìdílé ni wọ́n jọ ń lo iná níbẹ̀. Nígbà tí iná kò bá sí, àwọn ará ilé máa ń lo ẹ̀rọ amúnáwá, gáàsì, èédú àti kẹrosíìnì. Ọ̀pọ̀ ewu inú ilé ni ó ń ti ara nǹkan wọ̀nyí wá.

Ìpèsè iná àti gáàsì

Ilé-iṣẹ́ ECN, tí òfin ọdún 1950 dá sílẹ̀, di ara NEPA ní ọdún 1972. Òfin ọdún 2005 sọ NEPA di PHCN, ó sì dá àjọ NERC sílẹ̀ láti máa ṣe àkóso iṣẹ́ iná. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fi iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ IBEDC, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti ń pín iná ní Ọ̀tà. Ní Agbára, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, EKEDC ti Èkó ni ó ń pín in. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní Agbára àti Ọ̀tà ní ẹ̀rọ amúnáwá tiwọn, Shell Nigeria Gas sì ń fi páìpù gbé gáàsì dé ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú wọn.

Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà sí ìpele márùn-ún. Ìpele A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, B fún 16, C fún 12, D fún 8, E fún 4. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó ìpele A gòkè láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan. Yúníìtì kan ni iná tí áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Gílóòbù LED oníwáàtì 10 yóò fi yúníìtì kan náà tàn fún wákàtí 100.

Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá

Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200, nítorí náà ni ó fi ń pa ẹni tí ó sùn láìjẹ́ kí ó jí. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì náà ń mú un jáde. Nínú ilé oníyàrá tí ó kọjú síra wọn, ẹ̀rọ tí ẹnìkan gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè pa aládùúgbò rẹ̀. Ìta gbangba ni ó yẹ kí ẹ̀rọ wà, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí ilé, kí ojú èéfín rẹ̀ má kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Ṣíṣí fèrèsé nìkan kò tó. Bí orí bá ń fọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ilé kan lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn tàbí tí èébì ń gbé wọn, kí gbogbo wọn jáde síta, kí wọ́n sì lọ sí ilé-ìwòsàn.

Wáyà àti iná

Kò yẹ kí a fi wáyà so ẹ̀rọ amúnáwá mọ́ sókẹ́ẹ̀tì ilé. Iná rẹ̀ lè gba inú tiransifọ́mà padà sórí òpó, níbi tí agbára rẹ̀ yóò ti pọ̀ dé fóòtì 11,000, kí ó sì pa òṣìṣẹ́ tí ń tún wáyà ṣe. Ṣéńjì-óvà ni ó ń ya iná méjèèjì sọ́tọ̀. Àjọ NEMSA ni ó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí, òun náà ni ó sì ń yẹ mítà wò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà tí ó já sílẹ̀. A kì í da omi sí iná tí ó bá ti ara wáyà ṣẹ́, tàbí sí òróró tí ń jó.

Gáàsì àti kẹrosíìnì

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó sì máa ń rọ̀gún sí. Kò ní òórùn tirẹ̀, èròjà tí ń rùn ni wọ́n fi sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Ìta ni ó yẹ kí sìlíńdà wà, ní ìdúró. Omi ọṣẹ ni a fi ń yẹ rọ́bà rẹ̀ wò: ibi tí ó bá ń hó, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Bí òórùn bá gba ilé, kí a pa ẹnu sìlíńdà dé, kí a ṣí ilẹ̀kùn, kí a má sì tan iná mànàmáná tàbí pa á, nítorí pé ìtapàrà kékeré inú súwíìṣì tó láti dá ìbúgbàmù sílẹ̀. Kẹrosíìnì tí wọ́n da bẹntiróòlù mọ́ lè bú gbàmù nínú sítóòfù tàbí àtùpà. Bẹntiróòlù inú kẹ́ẹ̀gì kò gbọdọ̀ wà nínú ilé ìdáná, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó gbóná.

Ìpè pàjáwìrì àti ẹ̀sùn

Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà ni 112. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn lórí iná tàbí mítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná fún un, kí ó sì gba ẹ̀rí pé ó mú ẹ̀sùn wá.