Olùkọ́ Orin Tí Ó Wo Inú Gògóńgò Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè yóò rántí ọjọ́ tí olùkọ́ wa kọ́kọ́ ní kí a fi ìka kan gògóńgò wa, kí a pe "sss", lẹ́yìn náà kí a pe "mmm". Gbogbo kíláàsì ń kùn bí oyin inú afárá. Olùkọ́ ní ohun tí ó ń gbọ̀n lábẹ́ ìka wa yẹn, tán-án-ná ni. A kọ ọ́ sínú ìwé, a sì kọjá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà: ta ni ó kọ́kọ́ rí i? Òkú ni àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ ń là kí wọ́n tó mọ bí inú ọ̀fun ti rí, òkú kì í sì í sọ̀rọ̀. Àwọn baba wa ní ipàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni. Inú ọ̀fun wá ńkọ́, tí ẹni ẹlẹ́ni pàápàá kò lè bá ni rí?

Kì í ṣe pé àwọn oníṣègùn kò gbìyànjú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà kan tí ń jẹ́ Bozzini ní ìlú Frankfurt ṣe ọ̀pá oníhò kan tí ó fi àbẹ́là tàn. Ní 1829, Babington fi dígí kan tí ó ṣe fún wíwo ọ̀fun han àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n wò ó, wọ́n yìn ín, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó wá ṣí ọ̀nà náà kì í ṣe dókítà rárá. Olùkọ́ orin ni. Manuel García ni orúkọ rẹ̀.

Ilé olórin ni wọ́n bí i sí ní ilẹ̀ Spéìn ní 1805. Bàbá rẹ̀ ni Rossini torí rẹ̀ kọ ipa Almaviva nínú eré olórin rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ. Ní 1825 bàbá kó ìyá àti ọmọ lọ sí New York láti lọ kọrin, Manuel ọmọ ogún ọdún sì wà lára àwọn tí ń ṣeré. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Maria, tí ayé mọ̀ sí Malibran, ni ògo bá níbẹ̀. Ní ti Manuel, ohùn tirẹ̀ kò gbé e. Wọ́n lò ó jù nígbà tí kò tíì gbó, ó sì bàjẹ́. Nígbà tí yóò fi di ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ti kúrò lórí ìtàgé. Ó bá àwọn ọmọ ogun Faransé lọ sí Algiers ní 1830, nígbà tí ó sì padà dé Paris, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun, níbi tí ó ti kọ́ bí inú ọ̀fun ti rí. A gbọ́ pé a máa gba kòmóòkun adìẹ, ti àgùntàn àti ti màlúù, a sì máa fi ẹwìrì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti gbọ́ irú ohùn tí yóò ti inú rẹ̀ jáde. Mo rò pé ohùn tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń wá kiri.

Ó di olùkọ́ orin pàtàkì. Ní 1841, Jenny Lind, ọmọbìnrin olórin kan láti Sweden, tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ohùn tí ó ti há. García kò kọ́ ọ ní orin kankan. Ó ní kí ó lọ sinmi ohùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó má kọrin rárá, kí ó má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. N ó padà sí i.

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1854, García wà ní Paris fún ìsinmi. Ó ń rìn gbẹ̀fẹ́ ní àgbàlá Palais-Royal nígbà tí oòrùn kọ mànà lára gíláàsì fèrèsé kan. Lójú ẹsẹ̀ ni nǹkan là sí i lọ́kàn: dígí méjì, ọ̀kan lẹ́yìn ẹnu, ọ̀kan lọ́wọ́, kí oòrùn máa ta láti ara ọ̀kan sí èkejì. Ó kọrí sí ọ̀dọ̀ Charrière tí ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn oníṣègùn, ó bèèrè bóyá ó ní dígí kékeré tí ó ní ọwọ́ gígùn. Charrière ní òun ní ọ̀kan, dígí oníṣègùn eyín tí òun gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1851 tí kò rí ẹni rà á. Fránkì 6 ni García san. Ó sáré délé, ó ki dígí náà bọ omi gbígbóná kí èémí má baà bò ó, ó nù ún gbẹ, ó gbé e ti ẹran wẹ́wẹ́ tí ó so rọ̀ lẹ́yìn ẹnu, ó sì fi dígí ọwọ́ darí oòrùn sí i. Gògóńgò ara rẹ̀ ló là gbayawu níwájú rẹ̀ yìí! (Ẹni tí ó bá ti fi ṣíbí kan ẹ̀yìn ahọ́n rẹ̀ rí mọ̀ pé èébì ni yóò kọ́kọ́ dé. Ọ̀fun García kò ta kò ó rárá, oríire rẹ̀ sì nìyẹn.)

Ní 1855 wọ́n ka ìwé rẹ̀ ní Ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣàlàyé bí tán-án-ná ti ń pàdé, bí ó ti ń ṣí, bí ó ti ń nà nígbà tí ohùn bá ń gòkè. Ọ̀rọ̀ orin ni ó ń sọ. Kò dárúkọ àìsàn. Bóyá nítorí náà ni ọ̀pọ̀ dókítà kò fi kà á sí.

Ọdún méjì kọjá kí Türck ní Vienna tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú dígí bẹ́ẹ̀ wo aláìsàn. Nígbà tí ìkùukùu bo oòrùn, ó gbé dígí rẹ̀ tì. Czermak láti ìlú Pest ní Hungary bá a yá a, ó fi iná fìtílà rọ́pò oòrùn, ó fi dígí tí inú rẹ̀ jin kó ìmọ́lẹ̀ náà jọ, ó sì tètè tẹ ìwé jáde ní 1858. Ìjà dé! Türck ní òun ni òun kọ́kọ́ ṣe é. Czermak ní òun ni. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi sú àwọn aráyé. Lójú tèmi, ẹni tí ó gbé fìtílà dé ni ó sọ dígí olórin di irinṣẹ́ dókítà, nítorí oòrùn kì í wọ yàrá aláìsàn nígbà gbogbo. Czermak kò sì sẹ́ García.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Morell Mackenzie, kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Czermak, ó sì dá ilé ìwòsàn ọ̀fun sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1863. Òun ni wọ́n ránṣẹ́ pè ní oṣù Mèé 1887, nígbà tí ohùn Friedrich, àrẹ̀mọ ọba Jámánì, ti há fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn dókítà Jámánì ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n sì ti múra láti la gògóńgò rẹ̀. Mackenzie ní kí wọ́n dúró. Ó fi dígí wò ó, ó gé díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Virchow, ọ̀gá àwọn tí ń fi ẹ̀rọ wo ẹran ara. Virchow ní òun kò rí jẹjẹrẹ nínú èyí tí wọ́n fún òun. Wọn kò la ọ̀fun náà mọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù Nòfẹ́ńbà, àní Mackenzie pàápàá gbà pé jẹjẹrẹ ni. Ní oṣù Fẹ́búwárì 1888, wọ́n dá ihò sí kòmóòkun rẹ̀ kí ó lè máa mí. Oṣù kan lẹ́yìn èyí, bàbá rẹ̀ wàjà, ó sì di ọba: ọba tí kò lè fọhùn, tí ń fi gègé kọ àṣẹ rẹ̀ sórí ìwé. Ọjọ́ 99 ni ó lò lórí oyè. Àwọn dókítà méjèèjì kọ ìwé bú ara wọn lẹ́yìn ikú rẹ̀. N kò lè dá ẹjọ́ náà. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fẹ́ ṣe nígbà náà ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Dígí sì ń fi ojú kókó han ni, kì í fi ìdí rẹ̀ han.

García ṣì wà láàyè ní gbogbo ìgbà yìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1905, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn dókítà ọ̀fun láti ilẹ̀ púpọ̀ pé jọ láti bá a yọ̀. Ọba Spéìn àti ọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè. Ọba Jámánì, ọmọ Friedrich gan-an, fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà. Ó kú ní ọdún kejì.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọ èdè ní ẹ̀sùn kan sí dígí García. Bí ó bá wà lẹ́nu, dókítà á fi aṣọ fa ahọ́n jáde. Kí ni ènìyàn lè pè ju "ẹẹẹ" lọ? Sawashima àti Hirose ní Tokyo ni ó tú wa sílẹ̀ ní 1968, nígbà tí wọ́n fi okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ gba imú wọlé, tí ẹnu sì wà lómìnira láti sọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ.

Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni mo rí lójú ara mi ní ọdún tó kọjá. Oníjàálá ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ohùn rẹ̀ há fún oṣù mẹ́jọ. Wọ́n jẹ orógbó títí, àwọn ẹbí ní ọ̀tá ló di ohùn rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ti okùn náà bọ imú wọn, àwòrán sì yọ lójú ẹ̀rọ: okùn funfun méjì, kókó kékeré méjì tí ó kojú síra wọn bí hóró ìrẹsì. Mo tọrọ gáfárà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá pe ọkọ́, kí wọ́n sì pe ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n pe ọkọ́, tán-án-ná nà tantan. Nígbà tí wọ́n pe ọkọ̀, ó dẹ̀.

Bàbá tẹjú mọ́ àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. "Dókítà," ni wọ́n wí, "ṣé èyí ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ yìí wá? Ó mà kéré o."

Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní kí wọ́n lọ panu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n má sun ìjálá títí ọdún yóò fi parí. Mo sọ ìtàn Jenny Lind fún wọn nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà bọ̀. Wọn kò dáhùn; wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.