Pópó Àgùdà: Bí A Ti Kọ́ Ọ, Bí A Ti Ń Wó O

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, Èkó àrómi-sá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀! Bí ènìyàn bá ti Ìta Tinúbú gba Òpópónà Bámgbóṣé lọ sí Campos, tí ó sì gbé ojú kúrò lára àwọn ìsọ̀ aṣọ àti bàtà tí ó dí ọ̀nà pa, yóò ṣì rí i, láàárín àwọn ilé gogoro onísìmẹ́ǹtì, ògiri kan níhìn-ín, fèrèsé kan lọ́hùn-ún, tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a sì fi òdòdó àfọwọ́mọ ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, irú iṣẹ́ tí ó ti ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà ìgbà tiwa. Àwọn wọ̀nyí ni àjẹkù àdúgbò tí àwọn Àgùdà tẹ̀ dó. Ohun tí mo ní láti sọ nípa rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí ó wó o pé òun fẹ́ tún ìlú ṣe, àti ẹni tí ó kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wó o, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe, nítorí pé ilé ni wọ́n kà, wọn kò ka àwọn tí ó ni ilé.

Kí Àgùdà tó dé ni Èkó ti jẹ́ ìlú. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Ìgá Ìdúngànrán wà, ni ọba ti ń jọba, àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ sì ni onílẹ̀. Lẹ́yìn ogun Àgídìǹgbì ti 1851, nígbà tí àwọn Òyìnbó fi ìbọn ńláńlá lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè tí wọ́n sì dá Akítóyè padà, àti lẹ́yìn 1861 tí ìlú bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ọba Dòsùnmú, oríṣiríṣi ènìyàn ni ó rọ́ wọ erékùṣù náà. Àwọn Sàró, tí ó ti Sierra Leone bọ̀, jókòó sí Olówógbowó. Àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́ tí ó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ ní 1862 ni ó fún Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní orúkọ rẹ̀. Àwọn Àgùdà sì gba apá ìlà-oòrùn, tí a wá ń pè ní Pópó Àgùdà.

Àwọn tí a ti tà sí oko ẹrú ní Bahia ilẹ̀ Bràsíìlì àti ní Kúbà ni wọ́n, àwọn àti ọmọ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, àwọn Mùsùlùmí, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Nàgó, èyíinì ni ọmọ Yorùbá, dìde ogun sí àwọn olówó wọn ní Bahia. A ṣẹ́gun wọn, ìyà tí a sì fi jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú lẹ́yìn náà, ìbá à ṣe ẹrú ìbá à ṣe òmìnira, pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi di ẹni tí a fi ipá kó sínú ọkọ̀, tí àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn san ọkọ̀, tí wọ́n forí lé ilé. Láti ìgbà náà títí ọ̀rúndún náà fi ń parí lọ ni wọ́n ń dé díẹ̀díẹ̀, onígbàgbọ́ àti ìmàle, tàwọn ti orúkọ Da Silva, Pereira, Da Costa àti Fernandez, tàwọn ti ẹ̀wà frejon tí wọ́n ń fi àgbọn sè ní ọjọ́ Jímọ̀ ikú Jésù, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ìyà oko ẹrú kọ́ wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni ó yí ojú Èkó padà. Bíríkìlà, gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ àti akunlé ni wọ́n, wọn kò sì kọ́ ilé bí ti Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe agboolé bí ti Ọ̀yọ́. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn, tí kì í jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán wọ inú yàrá, ni wọ́n mọ, tí wọ́n rẹ́ dan, tí wọ́n sì kùn ní àwọ̀ tí ó tutù lójú. Wọ́n la ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ sáàárín, wọ́n to yàrá sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, wọ́n sì gbé pẹ́tẹ́ẹ̀sì lé e lórí, kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà lè ti iwájú wọlé, kí ó sì ti ẹ̀yìn jáde. Ẹ má ṣe rò pé ẹwà nìkan ni wọ́n ń wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín yẹn ni ìyá àgbà ti ń jókòó wo ẹni tí ó wọlé, òun ni a ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ, òun ni a ń tẹ́ òkú àgbà sí kí a tó gbé e lọ sin. Wọ́n mú àwòrán òde láti Bahia bọ̀, ṣùgbọ́n àṣà agboolé baba wọn ni wọ́n fi sí inú rẹ̀.

João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọ̀mọ̀lé wọ̀nyí, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta, ọlọ́lá ọmọ Sàró, fi owó ara rẹ̀ dá sílẹ̀, tí a sì ṣí ní oṣù keje ọdún 1894, ní ojú Gómìnà Carter àti aṣojú Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì, ẹni tí ó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá ní ọjọ́ náà. Ẹ wo bí ó ti rí: ọmọ Àgùdà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Potogí ni ó mọ ilé ìjọsìn fún ìmàle tí a bí ní Sàró, tí ọba ilẹ̀ Tọ́kì sì ránṣẹ́ kí i. Kò sí ìwé ìtàn tí ó lè sọ irú ìlú tí Èkó jẹ́ nígbà náà ju ògiri mọ́ṣáláṣí yẹn lọ.

Ní Òpópónà Kakawá ni João Esan da Rocha kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Ọmọ Obòkun ni, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, tí a kó lẹ́rú ní kékeré, tí ó sì ti Bahia bọ̀ pẹ̀lú aya rẹ̀ Angelica àti ọmọ wọn Candido, tí wọ́n bí sọ́hùn-ún ní 1860. Kànga tí ó wà nínú ọgbà ilé náà ni ó sọ ọ́ ní Ilé Omi, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti ń ra omi tí ó mọ́, kí omi ẹ̀rọ Ìjù tó dé ìlú. Candido di olówó tí òkìkí rẹ̀ kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí a bá bèèrè owó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó fi ń dáhùn pé ṣé òun ni Da Rocha ni. Ilé Omi yìí náà ni Antonio Olinto, ọmọ ilẹ̀ Bràsíìlì, fi ṣe àkọlé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ ní 1969.

Àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó jà láti 1924 títí di 1930 ni ó kọ́kọ́ fún ìjọba ní ìdí láti fi ọwọ́ kan àárín ìlú. Ní 1928 ni wọ́n dá àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) sílẹ̀, àjọ tí ó ní agbára láti gba ilẹ̀, láti wó ilé àti láti la ọ̀nà, òun náà ni ó sì la Yábàá. Kò sí ẹni tí ó lè bá wọn jà lórí ìmọ́tótó, nítorí pé ènìyàn ń kú.

Èyí tí ó dun ni ni ti 1955. Òmìnira ti ń sún mọ́lé, àwọn aláṣẹ sì ń fẹ́ olú-ìlú tí ojú kò ní tì wọ́n láti fi han àlejò. Wọ́n wo nǹkan bí 70 éékà ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ kò dára fún ènìyàn láti gbé, ilé fún mọ́ra jù, gọ́tà dí, ọ̀nà kò gba ọkọ̀. Òtítọ́ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ. Ètò wọn ni pé kí ìjọba gba ilẹ̀ náà, kí ó san owó gbà-má-bínú, kí ó wó ohun tí ó wà lórí rẹ̀, kí ó la òpópónà tuntun, kí ó sì wá ta ilẹ̀ padà fún àwọn tí ó ni ín tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé lórí iye tí ó gbà á. Yorùbá ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ọba ni òwe náà ń bá wí, ẹni tí ó ní ènìyàn àti owó láti tún ilé rẹ̀ kọ́. Ìdílé tí ó jẹ́ ogójì ni ó pín owó gbà-má-bínú láàárín ara wọn, tí ó kan oníkálukú ní ìwọ̀nba, báwo ni yóò ṣe tún ilẹ̀ baba rẹ̀ rà ní owó tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí yóò sì tún kọ́ ilé onísìmẹ́ǹtì tí òfin béèrè sórí rẹ̀?

Sùúrùlérè ni wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ, sí àwọn ilé kéékèèké tí ìjọba kọ́ sí ibi tí a ń pè ní Èkó Tuntun. Peter Marris, Òyìnbó onímọ̀ ìwà àwùjọ tí ó bá àwọn tí a ṣí nípò àti àwọn tí ó ṣẹ́kù ní erékùṣù sọ̀rọ̀, tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961, ohun tí ó rí kò sì yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ìyá wa ń pariwo. Ilé tuntun mọ́ tónítóní, omi ń yọ, ṣùgbọ́n owó ilé dé tí wọn kì í san tẹ́lẹ̀ nínú ilé ẹbí, owó ọkọ̀ dé, àwọn obìnrin tí ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn pàdánù oníbàárà, àwọn ọkùnrin oníṣẹ́ ọwọ́ náà pàdánù tiwọn. Ẹ̀gbọ́n kò rí àbúrò mọ́ àyàfi bí ó bá rí owó wọ bọ́ọ̀sì, arúgbó tí ọmọ mẹ́wàá ń gbé oúnjẹ fún tẹ́lẹ̀ kò rí ju ẹyọ ọ̀kan lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Àwọn tí ó ń kọ́wọ̀ọ́ rìn láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìjọba da ọ̀wọ́ wọn rú. Ètò ọ̀hún gan-an kò sì parí bí wọ́n ti là á sílẹ̀.

Kò yẹ kí a sọ pé gbogbo wíwó ni ó burú. Àwọn Àgùdà fúnra wọn gba kí ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross tí àwọn baba wọn kọ́ lọ, kí kàtídírà ńlá tí ó wà níbẹ̀ lónìí lè dìde ní àwọn ọdún 1930; àwọn mùsùlùmí Èkó náà wó mọ́ṣáláṣí gbogboogbò tí ó ní àrà Àgùdà, wọ́n sì ṣí tuntun ní 1988. Mo kẹ́dùn iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lọ, mo kẹ́dùn rẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n ìjọ tí ó wó o ni ìjọ tí ó wọ inú tuntun, kò sì sí ẹni tí a lé lọ.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni ó kù. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dé ní 1953, ní 1956 sì ni ìjọba kéde Ilé Ìlọ́jọ̀, ní Ìta Tinúbú, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n fi ṣe ilé ọtí àti oúnjẹ; Alfred Ọmọ́lànà Ọláìyá rà á ní 1933, ó sì di ilé ìdílé rẹ̀. Ẹ fojú inú wo irú ilé bẹ́ẹ̀: amọ̀ tí òjò ń jẹ, ilẹ̀ tí owó rẹ̀ ń fò sókè lọ́dọọdún, ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i lápapọ̀, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè dá a tún ṣe, òfin sì wà lórí wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ. Ìwé ìkéde kì í kan páànù, kì í sì í rẹ́ ògiri. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n gbé katapílà wá, wọ́n sì wó o lulẹ̀. Nígbà tí àwọn olùfẹ́ ìṣẹ̀ǹbáyé fi gbọ́, òkìtì amọ̀ ni wọ́n bá.

Àwọn kan ń tọ́ka sí ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street, tí wọ́n tún ṣe di Freedom Park ní 2010, pé ìpamọ́ ṣeé ṣe ní Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ náà sì wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjọba ni ẹ̀wọ̀n, kò sí ìdílé kankan nínú rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ni èmi yóò tọ́ka sí, èyí tí ó ti ń gba olùjọsìn láti 1894 láìdáwọ́ dúró. Bí ìjọba bá fẹ́ kí èyí tí ó kù ní Bámgbóṣé, ní Kakawá àti ní Campos dúró, kí ó fi owó àtúnṣe lé àwọn olórí ẹbí lọ́wọ́, kí ó dárí owó orí ilé jì wọ́n, kí ó rán ọ̀dọ́ bíríkìlà lọ kọ́ iṣẹ́ amọ̀ àti òdòdó àfọwọ́mọ, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ onílé máa gbé ibẹ̀, kí ó máa tajà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì máa sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ baba rẹ̀.