Iṣẹ́ Ìgbàlejò fún Mùsùlùmí: Bí A Ṣe Lè Ṣe Òtẹ́ẹ̀lì àti Iṣẹ́ Oúnjẹ Láìta Ọtí

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí sábà máa ń bi àwa àáfà lẹ́yìn wáàsí: "Ọmọ mi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?" Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni ọtí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ìṣekúṣe. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ Mùsùlùmí bá sá fún iṣẹ́ yìí, ta ni yóò máa dáná fún wa níbi yìgì? Ta ni yóò gba ìdílé wa sílé nígbà tí a bá rìnrìn àjò, tí a ò ní bá igò ọtí nínú yàrá? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni pé iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe lọ́nà hàláàlì, bí a bá pinnu ààlà wa kí a tó náwó àkọ́kọ́, tí a sì ṣe ìṣirò tó bá ààlà náà mu.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ

Gbígba àlejò kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀gàn nínú Ìsìláàmù. Nínú Súúratu Adh-Dhaariyaat, Kùránì Alápọ̀nlé sọ ìtàn Ànábì Ibrahim àti àwọn àlejò rẹ̀. Kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ jẹun. Ó rọra wọlé, ó gbé ọmọ màlúù tó sanra jáde, ó sì sún un mọ́ wọn. Ànábì Yusuf náà, nígbà tí àwọn arákùnrin rẹ̀ wá ra oúnjẹ ní Íjíbítì, dárúkọ òṣùwọ̀n pípé àti ìgbàlejò tó dára pọ̀ mọ́ra wọn. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) sì so àpọ́nlé àlejò mọ́ ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́hun àti ọjọ́ ìkẹyìn.

Ní ti ọtí, ègún inú hádíìsì kò mọ lórí ẹni tó mu ún. Ó kan ẹni tó pọn ọ́n, ẹni tó gbé e, ẹni tó tà á, ẹni tó jẹ owó rẹ̀ àti ẹni tó bu ún fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, "èmi ò kúkú mu ú, mo kàn ń gbé e fún oníbàárà ni" kì í ṣe àwáwí. Ẹni tó ń fọ aṣọ tàbí tó ń ṣe ìṣirò owó ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àwọn onímímọ̀ kò dọ́gba níbẹ̀. Àwọn kan kọ̀ ọ́ pátápátá, àwọn mìíràn ṣe ìrọ̀rùn fún ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan ọtí náà. Ẹni tó bá wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá àáfà tó mọ̀ nípa ẹ̀sìn, kó má sì dẹ́kun láti máa wá èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ènìyàn ti lè kọ́ ọ

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alásè tó mọ iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọ yóò ti mọ bí a ṣe ń díwọ̀n ìrẹsì fún ọgọ́rùn-ún méjì ènìyàn, tí kò ní ṣẹ́kù púpọ̀, tí kò sì ní tán lójú àlejò. Ọ̀nà kejì ni ilé ìwé.  Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga bíi Yaba College of Technology ní Èkó àti Federal Polytechnic ní Ìláròó ń kọ́ni ní Hospitality Management. NIHOTOUR, tí í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ yìí, náà ń fúnni ní ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí.

Kí òbí mọ èyí ṣáájú: ẹ̀kọ́ nípa ọtí àti bí a ṣe ń gbé e fún oníbàárà máa ń wà nínú iṣẹ́ náà. Mímọ orúkọ nǹkan yàtọ̀ sí títọ́ ọ wò. Kí ọmọ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ ọjọ́ ìdánwò. Nígbà tí àkókò ìdánrawò níta bá sì tó, kí òbí bá a wá ibi tó dára: ilé ìdáná ilé ìwòsàn, ilé oúnjẹ ilé iṣẹ́ ńlá, tàbí ilé àlejò tí kì í ta ọtí. Ká tún béèrè nípa àkókò ìrun, ìbòrí àti iṣẹ́ òru kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún àwọn ọmọbìnrin.

Ìṣirò tí kò fara ti ọtí

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké ló jẹ́ pé kì í ṣe alejò tó sùn mọ́jú ló ń bọ́ wọn. Owó ọtí àti owó yàrá oníwákàtí, tí wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀tì táìmù, ló ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ wọn. Mùsùlùmí tó bá kọ́ ilé bíi tiwọn, tó kàn yọ ọtí kúrò láìyí ìṣirò padà, owó kò ní wọlé. Kò ní pẹ́ tí Ṣàítáánì á fi máa sọ fún un pé kó gbé fíríìjì ọtí kan ṣoṣo sí igun.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé yàrá mẹ́wàá la ní. Nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, alẹ́ 300 la ní láti tà. Ká fi ìdajì rẹ̀, 150, ṣe ìṣirò. Bí owó òṣìṣẹ́, iná, omi, ọṣẹ, àtúnṣe àti owó ilé bá jẹ́ ₦1,500,000 lóṣù, yàrá kan gbọ́dọ̀ mú ₦10,000 wá lálẹ́ kan kí a tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Èrè ṣì kù. Bí àwọn tó ń dé sí àdúgbò náà kò bá lè san ju ₦8,000 lọ, ibẹ̀ kọ́ ni ká kọ́lé sí.

Níbo ni ká lọ nígbà náà? Ibi tí àlejò ti ń wá oorun àti ààbò ni: ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ará ilé aláìsàn ti ń wá ibi sùn, ẹ̀gbẹ́ àwọn yunifásítì Mùsùlùmí bíi Fountain ní Òṣogbo, Crescent ní Abẹ́òkúta àti Al-Hikmah ní Ìlọrin, níbi tí òbí ti ń wá wo ọmọ, àti ìlú tí yìgì àti ìpàdé ti ń pọ̀.

Fún alásè, ìṣirò náà kò yàtọ̀. Ká sọ pé oúnjẹ 200 ènìyàn ni: èlò ọbẹ̀, ìrẹsì àti ẹran ₦300,000, gáàsì ₦20,000, owó àwọn olùrànlọ́wọ́ ₦60,000, ọkọ̀ ₦25,000, ike oúnjẹ ₦30,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦435,000. Ká fi ìdá mẹ́wàá kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ó di ₦478,500. Àwo kan ti tó nǹkan bíi ₦2,400 láìtíì sí èrè. Alásè tó bá gba iṣẹ́ náà ní ₦2,000 torí ojú mọ̀lẹ́bí, ẹran ni yóò gé kù tàbí kó jẹ gbèsè. Ohun tí Ànábì Yusuf sọ nípa òṣùwọ̀n pípé kan èyí pẹ̀lú.

Kí àdéhùn wà ní kíkọ: iye àlejò, irú oúnjẹ, àsansílẹ̀, ọjọ́ tí a ó san ìyókù, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fagi lé ayẹyẹ. Kùránì ti pa á láṣẹ pé ká máa kọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀, àárín ọ̀rẹ́ kò sì yọ kúrò níbẹ̀.

Ẹran, ìmọ́tótó àti àlejò

Kí a mọ ẹni tó pa ẹran wa. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a ra ẹran àti adìyẹ láàyè, kí a pa á lórúkọ Ọlọ́hun, kí òkúǹbété má bàa wọ ìkòkò. Oúnjẹ hàláàlì tó ń dá ènìyàn nínú rú kò tíì pé. Kí oúnjẹ sísè má wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ láìjẹ́ pé ó gbóná janjan tàbí pé ó wà nínú fíríìjì. Ìrẹsì tó sùn sínú ìkòkò títí di ọjọ́ kejì máa ń fa èébì, gbígbé e kaná kì í sì í pa gbogbo májèlé tó ti wà nínú rẹ̀.

Fún ilé àlejò, ẹ má ta yàrá ní wákàtí. Òfin kan ṣoṣo yìí ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀ṣẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe amí àlejò, nítorí amí ṣíṣe náà jẹ́ èèwọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ara ògiri pé kò sí ọtí, ẹ gba ìwé ìdánimọ̀ gbogbo àlejò, ẹ pèsè búútà, ẹní ìrun àti àmì ìhà Kíbíláà. Àlejò tí kì í ṣe Mùsùlùmí yóò fẹ́ràn ibi tó parọ́rọ́ tó sì mọ́.

Òfin àti owó ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a ní ọdún 2013 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ láti fún òtẹ́ẹ̀lì ní ìwé àṣẹ, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ lọ. Kí àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ ṣe àyẹ̀wò ìlera. Bí ẹ bá fẹ́ máa di oúnjẹ sínú ọ̀rá tàbí ike fún títà ní ọjà, NAFDAC ni kí ẹ kàn sí.

Ẹ má fi owó èlé bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ kí Ọlọ́hun bùkún. Àwọn báńkì tí kì í gba èlé ti wà: Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, TAJBank ní 2019, Lotus ní 2021. Wọ́n lè ra ẹ̀rọ ìdáná tàbí fíríìjì, kí wọ́n tún un tà fún yín pẹ̀lú èrè tí gbogbo yín ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì lè dá owó pọ̀ pẹ̀lú ará ilé, bí ìpín èrè àti àdánù bá ti wà ní kíkọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ pé iṣẹ́ yìí lòun fẹ́, ẹ jókòó tì í, ẹ jọ kọ ààlà náà sílẹ̀, ẹ jọ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìyẹn sàn ju kí ẹ lé e sẹ́yìn, kó lọ kọ́ ọ níbi tí ẹ ò mọ̀. Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí tó mọ́, kó sì fi ìbùkún sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.