Owó Ẹyọ, Oòrùn àti Bitcoin

Ojú ìtàn ni mo fẹ́ fi wo iná oòrùn tí àwọn kan fi ń wa Bitcoin nínú ilé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Hamburg kó owó ẹyọ Zanzibar dé Èkó ní rẹpẹtẹ. Owó pọ̀, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ti Bitcoin yàtọ̀: kọ̀ǹpútà ni ó ń figagbága lórí ìṣirò, bí àwọn tí ń wà á bá sì pọ̀ sí i, ìṣirò náà ni ó ń le sí i. Ní 2009, kọ̀ǹpútà lásán tó láti wà á, èrè ìdìpọ̀ kan sì jẹ́ 50. Láti oṣù kẹrin 2024, 3.125 ni.

Ẹ wo ẹ̀rọ Antminer S9 ti 2016, tí ó ti di arúgbó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń jẹ iná tí ó ju wáàtì 1,300 lọ, tọ̀sán-tòru. Páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 400 kan, bí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí 5, kò lè bọ́ ọ ju wákàtí kan àbọ̀ lọ. Páńẹ́ẹ̀lì 16, ó kéré tán, ni yóò bọ́ ọ di ọjọ́ kejì, kí á tó ka bátìrì. Oòrùn kì í gbowó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta páńẹ́ẹ̀lì ń gbà á! Nítorí náà, n kò rí ọgbọ́n nínú ríra wọn nítorí Bitcoin nìkan. Ẹni tí ó ti rà wọ́n fún ìmọ́lẹ̀ ilé rẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ kún lọ́sàn-án tí iná sì ń ṣòfò, lè fi èyí tí ó ṣẹ́kù dán an wò.