John Bunyan àti Túbú Bedford

Àkókò tí a fi fún wa kò gùn, nítorí náà a kì yíò lè sọ gbogbo ìtàn ìgbésí aiyé John Bunyan. Ohun kan ni a fẹ́ tẹnu mọ́, èyí tí àwa ọmọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fẹ́ kí a rán wa létí rẹ̀: ọkùnrin tí a ńka ìwé rẹ̀ nínú ilé wa yìí, òfin tí ó ńgbèjà Ìjọ tiwa ni ó fi í sínú túbú fún ọdún 12.

Ọdún 1628 ni a bí i ní Elstow, ìletò kan lẹ́bàá ìlú Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni kí ó máa tún ìkòkò irin àti ti idẹ tí ó ti lu ṣe, iṣẹ́ náà ni on pẹ̀lú sì kọ́. Ẹ̀kọ́ ìwé tí ó rí kọ́ kò pọ̀. Ní ọdún 1644, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí ńbá ọba jà. Lẹ́hìn tí ó padà sí ilé ni ó gbéyàwó. Tálákà ni àwọn méjèèjì, ohun èlò ilé pàápàá nwọ́n kò ní. Ṣùgbọ́n ìyàwó náà mú ìwé méjì wá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀kan láti ọwọ́ Arthur Dent, èkejì láti ọwọ́ Lewis Bayly. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí. Àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni Dent, Bíṣọ́ọ̀bù Bangor sì ni Bayly. Àwọn ará ilé tiwa wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ta ọkàn rẹ̀ jí.

Lẹ́hìn náà ó gbọ́ bí àwọn obìnrin tálákà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn ní Bedford, tí nwọ́n ńsọ̀rọ̀ iṣẹ́ Ọlọ́run nínú ọkàn wọn. Ó rò pé on mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sọ, ṣùgbọ́n ohun tí nwọ́n ńwí ga ju òye rẹ̀ lọ. Nípasẹ̀ wọn ni ó fi mọ John Gifford, olùṣọ́-àgùntàn ìjọ kékeré wọn. Kò pẹ́ tí on tìkára rẹ̀ fi di oníwàásù.

Ní ọdún 1660 Ọba Charles kejì padà sórí ìtẹ́. Ní November ọdún náà, Bunyan fẹ́ wàásù ní ìletò Lower Samsell. A kìlọ̀ fún un pé nwọ́n ńbọ̀ wá mú un. Ó lè sá, ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí on bá sá, ọkàn àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn ṣì kéré yíò rẹ̀wẹ̀sì. Òfin tí a fi mú un ti wà láti ọdún 1593: ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò wá sí ilé ìsìn tí ìjọba fi ọwọ́ sí, ó sì ńpe ìpàdé tirẹ̀. Nígbà ìdájọ́ ní ọdún 1661, ọ̀rọ̀ Ìwé Àdúrà wà lára ohun tí on àti adájọ́ Kelynge jiyàn lé lórí.

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀ràn ìjọba ni, kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí nwọ́n ti bẹ́ orí Charles kìíní ní ọdún 1649, ẹ̀rù ọ̀tẹ̀ sì ńba gbogbo àwọn ìjòyè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá mú Bunyan kò bá ohun ìjà níbẹ̀; Bíbélì ni nwọ́n bá. A kò rí ọ̀nà tí a lè gbà wẹ Ìjọ wa mọ́ nínú èyí.

Elizabeth, aya rẹ̀ kejì, ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Ó lóyún nígbà tí a mú ọkọ rẹ̀. Ìdágìrì náà mú kí ó rọbí láìtọ́jọ́, ọmọ náà sì kú. Ọmọ mẹ́rin tí ìyàwó àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ kí ó tó kú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn, Mary, fọ́jú. Ní August 1661, nígbà tí àwọn adájọ́ àgbà wá sí Bedford, ó mú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ bá Matthew Hale, ẹni tí ó gbà á pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó ju òmíràn sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin adájọ́ Twisden, inú sì bí Twisden. Síbẹ̀ ó tún padà wá, ó wọlé sí àárín àwọn ọlọ́lá nínú iyàrá tí nwọ́n péjọ sí. Nwọ́n bi í bóyá ọkọ rẹ̀ yíò fi ìwàásù sílẹ̀. Ó dáhùn pé níwọ̀n ìgbà tí ó bá lè sọ̀rọ̀, kò jẹ́ fi í sílẹ̀. Hale káànú rẹ̀, ó sì fi ọ̀nà òfin hàn án, ṣùgbọ́n kò dá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Elizabeth jáde pẹ̀lú omijé. Ó ní kì í ṣe nítorí ìnira ti on ni on ṣe ńsunkún, bíkòṣe nítorí ìṣirò tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí yíò ṣe níwájú Olúwa. Kò tíì pé ọdún méjì tí ó di aya.

Nínú túbú, okùn ìdèṣọ tí a fi idẹ bọ̀ lẹ́nu ni Bunyan ńṣe tà láti fi bọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ó sì ńkọ̀wé. Ní ọdún 1666 ni ó tẹ ìtàn ìyípadà ọkàn ara rẹ̀ jáde. A tú u sílẹ̀ ní ọdún 1672, a tún fi í sẹ́wọ̀n fún bí oṣù mẹ́fà lẹ́hìn náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wádìí ìtàn rẹ̀ gbà pé inú túbú ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìn-àjò Onígbàgbọ́, tí a tẹ̀ ní London ní ọdún 1678. Apá kejì jáde ní 1684, èyí tí ó sọ ti aya Onígbàgbọ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa kò lè kà á láìrántí Elizabeth.

Ní August 1688 ó gun ẹṣin lọ sí Reading láti parí ìjà láàrin bàbá kan àti ọmọ rẹ̀. Òjò pa á lọ́nà bí ó ti ńbọ̀ ní London, ibà mú un, ó sì kú níbẹ̀. Bunhill Fields ni a sin ín sí.

Ní ọdún 1912 a ya fèrèsé kan sọ́tọ̀ fún ìrántí rẹ̀ nínú ilé ìsìn Westminster, Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì sì ńrántí rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ ní August 30. Ṣùgbọ́n ṣáájú fèrèsé náà, ẹnìkan ti bọlá fún un ní ilẹ̀ wa. David Hinderer, ọmọ Jámánì, tí a fi jẹ àlùfáà nínú Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìdí kalẹ̀ ní Kúdẹtì ní Ìbàdàn pẹ̀lú Anna aya rẹ̀ ní ọdún 1853. On ni ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Yorùbá. Orí ni a fi ńru ẹrù nílẹ̀ wa, ẹ̀hìn Onígbàgbọ́ sì ni tirẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ìgbà náà, ìlú ogun, kò ṣàì mọ ẹni tí ẹrù ńpa. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé láti ọwọ́ àlùfáà Ìjọ tí ó fẹ́ pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni a ti gba ọ̀rọ̀ Bunyan ní èdè wa.